Fódà iṣẹ́ tó ń ṣí fúnra rẹ̀, bí iná tilẹ̀ lọ tó dé

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ máa rí nípa bí a ṣe ń so fódà orí nẹ́tíwọ̀kì mọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ bí ẹni pé iná kì í lọ. Wọ́n á ní kí ẹ kọ ìlà kan sínú fáìlì kan, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn, ó tán. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, ìlà yẹn nìkan kò lè gbé wa dé ọ̀sán. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, iná á dé, wọ́n á yí i padà, iná á tún lọ. Gbogbo ìgbà tó bá sì dé, gbogbo ẹ̀rọ ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í lajú pọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ lajú á máa wá èyí tí kò tíì jí. Ibẹ̀ ni wàhálà fódà tí kì í ṣí láàárọ̀ ti ń wá, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa ló ṣì ń fi fláàṣì gbé iṣẹ́ kiri títí di ìsinsìnyí, nítorí pé fódà àjọlò já wọn kulẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ò ṣe mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí ohun tó já wọn kulẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ àti rìsíìtì ni à ń tẹ̀ jù. Àwọn tó ń ṣe gíráfíìsì ń lo Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows. Kọ̀ǹpútà tó ń bá ẹ̀rọ tó ń ṣe pélétì ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ ń lo Windows, nítorí ètò tó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ náà kò mọ òmíràn. Ní igun kan, lẹ́yìn àwọn páálí ìwé, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ojú, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù. Debian, irú Linux mìíràn, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú háàdì dísìkì méjì tí ọ̀kan ń ṣe àdàkọ èkejì. Dádì, ìyẹn ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ló sọ ọ́ ní Àká, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà, ti tuntun àti ti ọjọ́ pípẹ́. Fódà kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń lò lórí Àká ń jẹ́ ise. Mi ò fi àmì kankan sí i lórí, kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ nínú àwọn àṣẹ tí mo máa kọ sísàlẹ̀.

Èdè tí Àká fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ń jẹ́ SMB. Barry Feigenbaum ló pilẹ̀ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Microsoft sì gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Windows ń lò. Samba, ètò tó jẹ́ kí Linux lè sọ èdè kan náà, Andrew Tridgell ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Canberra, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ìparí ọdún 1991, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Kò sí ẹni tó fún un ní ìwé tó ṣàlàyé èdè náà. Ohun tó ń kọjá lórí wáyà ló jókòó tì tó ń wò, títí tó fi mọ bí àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣe ń kí ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kékeré bíi tiwa ní irú ibi ìkófáìlìsí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fi owó gidi rà, láìsan kọ́bọ̀ fún ètò kankan.

Ẹ padà sọ́dọ̀ iná. Nígbà tó bá dé, kọ̀ǹpútà gíráfíìsì tó ní SSD, ìyẹn dísìkì tó yára, á ti débi tí wọ́n ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù kí ẹni tó ni ín tó fa àga rẹ̀ mọ́ra. Ráútà kò tíì múra tán nígbà yẹn. Àká ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ háàdì dísìkì wò, nítorí pé iná gé mọ́ ọn lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni Samba á tó dìde. Kọ̀ǹpútà gíráfíìsì kò mọ gbogbo èyí. Ó ti ka fáìlì tó ń jẹ́ /etc/fstab, ó ti rí i pé wọ́n ní kí òun so fódà Àká mọ́ /mnt/ise, ó ti wá Àká, kò rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní padà wá a mọ́ àyàfi tí ẹnìkan bá rán an.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó rí, ẹ tẹ journalctl -b ní ibi ìtẹ àṣẹ (terminal), kí ẹ wá orúkọ fódà náà níbẹ̀. Bí ó bá kọ mount error(101), nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ ni kò tíì sí. Bí ó bá kọ mount error(112), nẹ́tíwọ̀kì wà ṣùgbọ́n Àká kò dáhùn. Bí ó bá jẹ́ mount error(13), ẹ má da iná lẹ́bi o, páswọ́ọ̀dù tàbí orúkọ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Mount error(2) sì rèé, orúkọ fódà tí ẹ kọ kò bá èyí tó wà lórí Àká mu. Mo lẹ àwọn nọ́ḿbà yìí mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, torí ẹni tó bá mọ nọ́ḿbà tó rí kò ní máa fa wáyà yọ kiri.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò sí nínú Linux rárá. Mo wọ inú BIOS Àká, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Linux tó dìde, mo wá ibi tí wọ́n kọ Restore on AC Power Loss sí, mo sì yí i sí Power On. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti dé ni Àká ń dìde, kódà bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà gíráfíìsì: wọ́n á wà ní pípa títí ẹni tó fẹ́ lò wọ́n yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ti fún Àká láàyè láti ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni mo bá Dádì sọ̀rọ̀ nípa UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Nígbà tí owó wà fún ẹyọ kan, gbogbo èèyàn ló rò pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló tọ́ sí. Mo ní rárá, Àká àti ráútà ni kó gbà. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, iṣẹ́ ẹnìkan ló dúró. Bí Àká bá kú nígbà tí àwọn yòókù wà lórí ínfátà, gbogbo ẹni tó ń séèfù fáìlì lọ́wọ́ lójú wọn máa dì mọ́ ibì kan, ètò wọn ò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Dádì gbà.

Ẹ tún wọ inú ráútà, kí ẹ ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún Àká tí kò ní máa yí padà. Tiwa ni 192.168.77.20. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ráútà lè fún un ní nọ́ḿbà mìíràn lọ́jọ́ tí iná bá lọ pẹ́, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì máa kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú 77 dípò 1 tí ọ̀pọ̀ ráútà máa ń bá wá, mo máa sọ ọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ dé ibi tó ṣe pàtàkì. Àwọn kan ní kí kọ̀ǹpútà máa dúró de Àká kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe tí ẹ bá kọ ìlà fstab lásán: systemd, ètò tó ń jí gbogbo nǹkan inú Linux ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó ìsopọ̀ náà sábẹ́ remote-fs.target, ìyẹn àkójọ àwọn fódà orí nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí wọ́n ti ń gba èèyàn wọlé sì máa ń dúró de remote-fs.target. Tí Àká bá pẹ́ kó tó jí, ẹ̀yin náà á pẹ́ níwájú ojú kọ̀ǹpútà tó ń yí bírí, nígbà mìíràn ó lè lé ní ìṣẹ́jú kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wá yẹ ìwé ètò ìsìnkú wò, Dádì sì dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ń sùn ni?"

"Ẹ má bínú sà, ó ń wá Àká ni."

"Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ Àká báyìí? Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó ṣí nǹkan kan."

Dádì kì í ṣe ẹni kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg ló mọ̀ dé egungun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìdáhùn. Kò sí ìdí tí fódà fi gbọ́dọ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀ǹpútà ń jí. Ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án ló yẹ kó ṣí. Nínú systemd, ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni x-systemd.automount. Ó dà bí mẹ́gáàdì tó dúró sẹ́nu géètì: kò lọ jí onílé ní ìdájí, ṣùgbọ́n bí àlejò bá kànkùn, ó mọ yàrá tí yóò ti lọ pè é. Kọ̀ǹpútà á jí kíá, á gba èèyàn wọlé kíá, /mnt/ise á sì wà níbẹ̀ tó ń retí. Ìgbà tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ ni systemd á lọ bá Àká. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ẹni náà tó ṣí ètò gíráfíìsì rẹ̀, Àká ti jí, ti bọ́jú, ti ń dúró dè é.

Ẹ fi cifs-utils, ètò tó ń bá Linux so fódà SMB, sórí kọ̀ǹpútà náà ná:

sudo apt install cifs-utils
sudo mkdir -p /mnt/ise

Lẹ́yìn náà, ìlà tiwa nínú /etc/fstab rèé, orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà:

//192.168.77.20/ise /mnt/ise cifs credentials=/etc/aka.pwd,uid=1000,gid=1000,iocharset=utf8,_netdev,nofail,x-systemd.automount,x-systemd.mount-timeout=30 0 0

Ohun àkọ́kọ́ lórí ìlà náà ni ibi tí fódà wà, èkejì ni ibi tí a fẹ́ kó fara hàn lórí kọ̀ǹpútà wa, ẹ̀kẹta ni irú èdè tí wọ́n ń sọ (cifs ni orúkọ tí SMB ń jẹ́ níbí). Òdo méjì tó kẹ́yìn ń sọ pé kí kọ̀ǹpútà má ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó má sì yẹ dísìkì ẹlòmíràn wò. Àárín ni iṣẹ́ wà. Nofail ń sọ pé bí ó bá kùnà, kí kọ̀ǹpútà máa bá ìdìde rẹ̀ lọ. _netdev ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni nǹkan yìí fi ń rìn, kí wọ́n má ṣe é bíi dísìkì inú ilé. Mount-timeout=30 ń sọ pé bí Àká kò bá dáhùn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó jáwọ́, kó sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi uid àti gid sílẹ̀. Láìsí wọn, root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà máa kà sí ẹni tó ni gbogbo fáìlì náà, àwọn oníṣẹ́ yín á máa rí fáìlì, wọ́n á ṣí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè séèfù. Ẹ tẹ id kí ẹ rí nọ́ḿbà tiyín. Iocharset=utf8 ní tirẹ̀ ṣe pàtàkì sí àwa tí à ń kọ Yorùbá. Fáìlì wa ń jẹ́ Ìsìnkú Bàbá Ọ̀ṣunníyì, kì í ṣe doc1. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀, ọ̀ àti ṣ di àmì ìbéèrè nínú orúkọ fáìlì, tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ oníbàárà sì ń fojú wá a láàárín àmì ìbéèrè bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Tó bá jẹ́ pé àlàfo wà nínú orúkọ fódà tí ẹ fẹ́ so, \040 ni ẹ máa kọ dípò àlàfo náà nínú fstab, àbí kí ẹ kúkú fún un ní orúkọ tí kò ní àlàfo.

Páswọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ sí nínú fstab. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló lè ka fáìlì yẹn, àwọn ọmọ iléèwé sì máa ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún. Inú fáìlì tirẹ̀ ni kó wà, /etc/aka.pwd, pẹ̀lú ìlà méjì:

username=gira
password=eyi_ti_e_ba_mu

Kí ẹ wá tì í:

sudo chown root:root /etc/aka.pwd
sudo chmod 600 /etc/aka.pwd

Ẹ jẹ́ kí systemd ka fstab tuntun, kí ẹ sì dá mẹ́gáàdì dúró síbi iṣẹ́:

sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl start mnt-ise.automount
ls /mnt/ise
findmnt /mnt/ise

Ìlà méjì ni findmnt máa fi hàn bí gbogbo nǹkan bá dára, autofs (mẹ́gáàdì) lókè, cifs (fódà Àká) nísàlẹ̀. Bí autofs nìkan bá wà, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan fódà náà. Bí Àká kò bá tíì jí nígbà tí ẹ tẹ ls, No such device ni ẹ máa rí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Sùúrù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Bí ẹnìkan bá ń tẹ fódà náà léraléra bí ẹni ń tẹ bọ́tìnì lífítì, systemd á ka ìkùnà náà, á ní ó ti tó, á sì ti mẹ́gáàdì náà mọ́lé. Ohun tó máa kọ ni mount-start-limit-hit. Àtúnṣe rẹ̀ ni:

sudo systemctl reset-failed mnt-ise.mount mnt-ise.automount
sudo systemctl start mnt-ise.automount

Mo wá fẹ́ sọ ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ automount ní òkúnkúndùn tó báyìí, nítorí kì í ṣe torí kí kọ̀ǹpútà lè yára jí nìkan. Nígbà tí ìlà lásán la ṣì ń lò, àbúrò wa kan tó ń ṣe gíráfíìsì dé láàárọ̀, ó ṣí /mnt/ise, ó bá a lófìfo. Àká kò tíì jí nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá a, ìsopọ̀ ti kùnà, ṣùgbọ́n fódà náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi fódà lásán lórí dísìkì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó rò pé a ti kó àwọn iṣẹ́ àná lọ síbòmíràn. Ẹ̀dà ìwé ètò ìsìnkú kan wà lórí tábìlì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn ẹbí ti sọ lálẹ́ àná pé orúkọ ọmọ ìkẹyìn kò sí lára àwọn ọmọ olóògbé. Ó fi orúkọ náà sí i, ó dá fódà sílẹ̀, ó séèfù iṣẹ́ tó tún ṣe síbẹ̀, ó lọ jẹun. Nígbà tó yá, ẹnìkan tẹ mount -a, àṣẹ tó ní kí kọ̀ǹpútà so gbogbo ohun tó wà nínú fstab. Fódà Àká so, ó sì bo èyí tó wà lábẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò sí àmì, kò sí ìkìlọ̀. Ẹni tó ń ṣe pélétì ṣí fáìlì tó rí, ti àná ni, ó ṣe pélétì, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé dúró tì wá nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ó gbé e, yíǹkì rẹ̀ ṣì tutù, ó ka ìlà orúkọ pẹ̀lú ìka, ó sì bi wá pé: "Àbúrò mi dà?"

Pélétì àti ìwé tó ṣòfò ní iye owó, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìbéèrè yẹn ṣe fún mi kò ní iye. Iṣẹ́ tí à ń ṣe kì í ṣe fáìlì lásán. Orúkọ èèyàn ni, lọ́jọ́ tí ara ń ta wọ́n jù.

Fáìlì tó sọnù yẹn kò sọnù. Ó wà lábẹ́ fódà tó bò ó. Ẹ lè rí abẹ́ náà láìtú ohunkóhun:

sudo mkdir /mnt/wo
sudo mount --bind / /mnt/wo
ls /mnt/wo/mnt/ise

Ohun tó bá fara hàn níbẹ̀ ni gbogbo nǹkan tí àwọn èèyàn ti séèfù sínú òfìfo. Nígbà tí mo wò ó lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn nìkan. Mo bẹ yín, bí ẹ bá ń lo fódà àjọlò nísinsìnyí, ẹ lọ wo abẹ́ tiyín lónìí. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọn kúrò, sudo umount /mnt/wo á tú u.

Automount fúnra rẹ̀ ń dènà èyí, nítorí pé bí Àká kò bá sí, ẹni tó fẹ́ séèfù máa rí àṣìṣe dípò òfìfo. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mẹ́gáàdì lè wà ní títì mọ́lé lọ́jọ́ kan, nítorí náà mo tún fi àgádágodo sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá a dúró, kí ẹ rí i pé fódà náà ṣófo, kí ẹ tó tì í:

sudo systemctl stop mnt-ise.automount mnt-ise.mount
sudo chattr +i /mnt/ise
sudo systemctl start mnt-ise.automount

Láti ìgbà náà, bí fódà Àká kò bá so, kò sí ẹni tó lè kọ nǹkankan sínú /mnt/ise, títí kan root. Operation not permitted ni yóò máa rí. Nígbà tí Àká bá sì so, chattr kò dí i lọ́wọ́ rárá, torí orí rẹ̀ ló ń dúró lé. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa mú lọ, chattr yìí ni kí ẹ mú.

Windows ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pélétì wà lórí rẹ̀. Ẹ fi páswọ́ọ̀dù pamọ́ fún un, kí ẹ tó so Z:

cmdkey /add:192.168.77.20 /user:pelete /pass
net use Z: \\192.168.77.20\ise /persistent:yes

Láàárọ̀, bí kọ̀ǹpútà bá ṣáájú Àká jí, Windows á sọ pé òun ò rí gbogbo dráìfù nẹ́tíwọ̀kì so padà, á sì fi àmì pupa sára Z. Bí èèyàn bá tẹ Z lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n ètò pélétì kì í tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn ń sọ pé fódà kò sí ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹ gbàgbé Z nínú ètò bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ \\192.168.77.20\ise ní kíkún síbi tó ti ń béèrè fódà. Bí ètò náà bá ti dàgbà tó sì fi dandan gbọ̀n lórí lẹ́tà, ẹ lo Task Scheduler kó tẹ àṣẹ net use yẹn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá wọlé. Ẹ má fi àmì sí Run with highest privileges o, torí dráìfù tí ẹ bá so lábẹ́ agbára yẹn, ẹni tó wọlé lásán kì í rí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa ń bá mi jà sí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ní kọ̀ǹpútà Windows XP kan tó ń darí ẹ̀rọ àtijọ́, SMB1 nìkan ni XP sì gbọ́. Samba ti pa SMB1 láti ẹ̀dà 4.11 ti ọdún 2019, nítorí náà XP kò lè rí Àká. Wọ́n á ní kí n ṣí SMB1 padà, ìlà kan péré ni nínú smb.conf, fáìlì ìṣètò Samba. Mi ò ní ṣí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gba inú àléébù SMB1 wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Bìrìtéènì. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò fi sórí ẹ̀rọ wọn. Gbogbo orúkọ tí a ti tẹ̀ wà nínú Àká. Kọ̀ǹpútà XP yẹn máa fi fláàṣì gba iṣẹ́, fláàṣì tirẹ̀ nìkan, tí a ń yẹ̀ wò lórí Linux kó tó padà.

Ó ku láptọ́ọ̀pù, torí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ wa máa ń gbé tirẹ̀ relé. Ìlà kan náà ló wà nínú fstab rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dín mount-timeout kù sí 10, mo sì fi x-systemd.idle-timeout=120 kún un. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan fódà náà fún ìṣẹ́jú méjì, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni náà lè pa láptọ́ọ̀pù dé kó máa lọ láìjẹ́ pé nǹkankan dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ yọ /mnt/ise kúrò lára àwọn fódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì nínú ètò tó ń ṣí fáìlì, torí ètò náà máa ń yọjú wo wọn fúnra rẹ̀, á sì máa wá Àká kiri nínú ilé tí Àká kò sí. Ibẹ̀ ni 77 ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló ń lo 192.168.1 tàbí 192.168.0. Ká ní nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ ni Àká ń lò, láptọ́ọ̀pù yẹn á máa lọ kan ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n ilé wọn tàbí kọ̀ǹpútà àyálégbé kejì, á sì máa fi orúkọ wa kí i. Lórí 77, kò sí ẹni tó máa dáhùn. Bí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì tí Wáìfáì gbà á, á tẹ fódà náà lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ á sì fara hàn.